Kíákíá àti Àtẹ̀gùn Ilé Agbẹ̀bí

Obìnrin kan wà tí ìjókòó kò bá a lára mu láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí rẹ̀ ṣì wà láyé, òun náà ló sì máa ń sọ ọ́. Ó ní òun ò tíì bọ ìbọ̀wọ́ kejì tán, ìyá ọmọ ò tíì ráyè ké, ọmọ ti yọ orí síta, ó ń wò yíká bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé, kò sẹ́ni tó ń pè é. Kíákíá ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Bó bá ń jẹun, orí ìdúró ló wà. Bó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ ní lọ́jọ́ tí àwọn gbéyàwó, òun yíjú sọ́tùn-ún kí òun rẹ́rìn-ín sí i, àga òfìfo lòun rí. Ìyàwó ti lọ bá ayàwòrán to àga.

Ọkọ yìí, Ọlọ́run mọ ohun tó ń ṣe, atúnaagoṣe ni. Iṣẹ́ ẹni tí í mí jẹ́jẹ́. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà: tábìlì kan lábẹ́ fèrèsé, gíláàsì kékeré tó ń fi sójú kan, àti ògiri tó kún fún aago, tí kálukú wọn ń pa irọ́ tirẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ni ti Kíákíá. Kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀, àti àga kan tí tìmùtìmù rẹ̀ ṣì le bíi tuntun, nítorí kò sẹ́ni tó ń jókòó lé e. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń lẹ aṣọ tó ya, etí rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ Kíákíá ni kó kọ́ ìkànnì fún àwọn oníṣẹ́ kéékèèké, ìyẹn ojúlé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí oníbàárà lè kan ilẹ̀kùn wọn láìgbé ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ó kọ́ ti ọkùnrin tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Ó kọ́ ti obìnrin tó ń kọ́ni ní lílúwẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ilé tó ń kọ́ yìí, kì í ṣe òun ló ń mọ gbogbo búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Àwọn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní àfikún, ẹ̀yà kéékèèké tí èèyàn ń so mọ́ ìkànnì: ọ̀kan á máa to àwòrán, ọ̀kan á máa gba ìfìránṣẹ́, ọ̀kan á máa pín àkókò fún oníbàárà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ṣe é á ṣí ikùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kí gbogbo ayé rí bí ìfun rẹ̀ ṣe lọ. Ẹni tó wù á mú un, ẹni tó bá lè tún un ṣe á tún un ṣe. Kíákíá ń mú un bí ẹni ń já ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó sì ń fi yangàn. "Gbogbo ohun tí mo fi kọ́lé fún yín," á ní, "ẹnikẹ́ni ò gba owó lọ́wọ́ mi rí."

Nínú gbogbo ìkànnì tó kọ́, ti ilé agbẹ̀bí ló sún mọ́ ọkàn rẹ̀ jù.

Ilé agbẹ̀bí yìí wà lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, yàrá ìyẹ̀wò kan ṣoṣo ló ní. Láyé àtijọ́, láti ìdájí ni àwọn aboyún ti ń tò sórí àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń kọ́kọ́ wọlé. Lọ́jọ́ kan báyìí, Kíákíá ń bọ̀ wá kí Màmá Agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ kan fo àtẹ̀gùn méjì-méjì, ni òòyì bá kọ́ obìnrin kan lókè. Ìṣojú Kíákíá ló ṣẹlẹ̀. Ó rí i bí obìnrin náà ṣe na ọwọ́ wá irin ìdìmú, tí ọwọ́ rẹ̀ tàsé. Òun àti awakọ̀ kan ni wọ́n jọ gbé e dìde. Ọlọ́run yọ ìyá, ó yọ ọmọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Kíákíá ò ti jẹ́ kí Màmá Agbẹ̀bí sinmi. "Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yan wákàtí láti ilé. Kálukú á wá lásìkò tirẹ̀, kò ní sẹ́ni lórí àtẹ̀gùn mọ́." Màmá kọ̀, kọ̀, kọ̀, ó wá gbà. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì orí àtẹ̀gùn kúrò. Ọdún yí po, kò sí wàhálà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdé kan ni wàhálà dé. Kíákíá ń fọ eyín, ó ń rìn káàkiri ilé, ó sì ń wo fóònù. Ó rí àmì pupa bíńtín kan: àfikún tó ń pín àkókò nílé agbẹ̀bí ti ní ẹ̀dà tuntun. Àmì pupa lójú Kíákíá dà bí ẹ̀fọn lára ẹni, àfi kó gbá a. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà á kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ pamọ́ kó tó fọwọ́ kan tuntun. Òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ìfófòó wà lẹ́nu, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi àtàǹpàkò òsì tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan yọ sójú fóònù, ó gùn díẹ̀, ó ní àmì ìbéèrè nídìí. Kò kà á. Ó tẹ "Ó dáa", ó tu omi ẹnu dànù, ó jáde.

Ní ọjọ́ kejì, fóònù ké.

"Kíákíá!"

"Màmá, ẹ káàárọ̀ o."

"Àárọ̀ wo? Aboyún mẹ́rin ló dúró lẹ́nu ọ̀nà mi yìí. Gbogbo wọn na fóònù sí mi, gbogbo wọn ní aago mẹ́sàn-án ni tàwọn. Ọwọ́ méjì ni Ọlọ́run fún mi o. Ṣé o fẹ́ wá yá mi ní tìrẹ ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Mo ń wò ó báyìí-báyìí, kíákíá ni màá..."

"Mo mọ̀ pé kíákíá ni. Ìgbà wo ni kì í ṣe kíákíá?" Ohùn Màmá wá rẹlẹ̀. "Ọmọ mi, wọ́n tún ti ń jókòó sórí àtẹ̀gùn. Bó bá di Mọ́ńdè tí kò tíì dáa, màá pa nǹkan yìí tì, kí kálukú máa wá bó ṣe ń wá tẹ́lẹ̀. Màá gbé bẹ́ǹṣì padà. Bẹ́ǹṣì kò kúkú ní sọ fún ẹni mẹ́rin pé àwọn ló kàn."

Ọwọ́ tó tàsé irin ni Kíákíá ń wò lójú ọkàn.

Ó já wọ yàrá ẹ̀yìn. Ó ṣí èyí, ó ti ìyẹn, ó tẹ ibí, ó tú ọ̀hún. Bó ṣe ń tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni wákàtí túbọ̀ ń gun ara wọn bí ewúrẹ́ inú ọgbà. Kò sí ẹ̀dà àtijọ́ tó lè padà sí. Ló bá lọ sí gbàgede.

Gbàgede yìí, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń lo àfikún náà ti ń béèrè ohun tó bá rú wọn lójú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á dáhùn, lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan wà tó ń sọ pé: ẹ sanwó, ẹ bá ẹni tó ṣe é sọ̀rọ̀ fúnra yín. Kíákíá wò ó, ó pòṣé. "Nǹkan ọ̀fẹ́, kí n tún máa sanwó lé e lórí? Ojú mi kọ́!" Ó kọ ìbéèrè rẹ̀ sí gbàgede: wákàtí ń gun ara wọn, aboyún ni wọ́n, ẹ gbà mí.

Ó lọ bu tíì. Kó tó tutù, ó ti padà. Kò sí èsì. Ó kọ ọ́ sábẹ́ ìbéèrè ara rẹ̀ pé: "Ṣé ẹ rí i?" Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. "Ẹ jọ̀ọ́ o." Ó fẹnu kan tíì, ó jó o létè. "Kánjúkánjú ni o!" Ó gbálẹ̀ yàrá tí kò dọ̀tí. "Ẹ̀yin ará ibí yìí, ṣé ẹ sùn ni?" Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, abẹ́ ìbéèrè rẹ̀ ti gùn bí ìrù ẹṣin, òun nìkan ló sì so gbogbo rẹ̀. Ohun tó wá dùn ún jù ni pé àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń rí èsì gbà. Ẹnì kan béèrè bí òun ṣe lè sọ bọ́tìnnì òun di aláwọ̀ omi aró, wọ́n dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ o! Aboyún wà lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń kun bọ́tìnnì!

Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí Kíákíá ṣe rí lọ́jọ́ náà nìyẹn, ilé ò sì rọgbọ fún ẹnikẹ́ni tó wà nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní, "Olólùfẹ́, bó o bá tún gba iwájú tábìlì mi kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, atẹ́gùn rẹ á gbé ẹ̀yà aago yìí lọ."

"Gbé e mì, kó má baà lọ," ni Kíákíá dá a lóhùn.

"Ó ti gbé ọ̀kan mì rí," ni ìyá ọkọ fọhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. A dúró dè é títí tó fi jáde."

Ní Sátidé, oníbàárà kan gbé aago ògiri wọ ṣọ́ọ̀bù, aago ńlá onígi, ó fi aṣọ ìnura dì í bí ọmọ tuntun. "Ẹ bá mi jí i," ló wí fún atúnaagoṣe. "Àna mi ló fi ta mí lọ́rẹ." Atúnaagoṣe tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ojú gíláàsì wò ó títí, ó sọ ohun tó bàjẹ́, ó sọ iye tó máa gbà. Ojú ọkùnrin náà fà ro. "Ẹ̀yin náà! Mo ní wọ́n fi ta mí lọ́rẹ ni. Mi ò ra aago yìí. Kí ni kí n wá máa sanwó rẹ̀ sí?"

Kíákíá ń kọjá lọ, ó ń kọjá bọ̀. Ó dúró gbọnin.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "aago ni àna yín fi ta yín lọ́rẹ. Kò fi ọkọ mi ta yín lọ́rẹ. Ojú tó ń wò ó yìí, ṣé àna yín ló rà á fún un? Ọ̀fẹ́ ni aago, ọwọ́ kì í ṣọ̀fẹ́!"

Ọkùnrin náà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló pa á. Ó sanwó díẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, ó ká aṣọ ìnura rẹ̀, ó lọ. Kíákíá ju èjìká sókè bí ẹni tó ṣẹ́gun. Ló bá gbọ́ tí ẹ̀rín ń já kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ìyàwó mi."

"Màmá."

"Àwọn tó ò ń bá jà láti àná, tó o ní wọn ò dá ẹ lóhùn. Ta ló fi wọ́n ta ìwọ lọ́rẹ?"

Ọkọ tẹrí mọ́ aago, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Màmá, tèmi yàtọ̀."

"Mo gbọ́." Ìyá ọkọ feyín gé òwú. "Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Mo kàn ń béèrè ni o: àńjọ̀fẹ́ fúnra rẹ̀, ta ló ń fún un lóúnjẹ?"

Kíákíá kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó mú àpò, ó jáde, ó bu ẹsẹ̀ sí títì bí ẹni tí oyin ń lé. Kò mọ ibi tó ń lọ àfìgbà tó débẹ̀: ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ilé agbẹ̀bí. Wọ́n jókòó síbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀kan fẹ̀yìn ti ògiri, ó bọ́ bàtà. Ọ̀kan ń fẹ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú àpòòwé. Obìnrin kan tí oyún rẹ̀ ti wọ̀ sílẹ̀ gan-an jókòó sí òkè pátápátá, níbi tí èyí ọjọ́sí ti ṣubú. Kíákíá fẹ́ gòkè. Obìnrin náà rọra sún, ó di irin mú, ó ní, "Ẹ máa kọjá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú pé mo dí yín lọ́nà."

Òun ló ń tọrọ àforíjì!

Kíákíá fẹ̀yìn ti ògiri níbẹ̀, ó fa fóònù yọ, ó tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé. Owó bàtà tó ti ń yọjú wò láti oṣù tó kọjá ló lọ. Kò wẹ̀yìn.

Ìpè yára wọlé ju bí tíì àná ṣe yára tutù lọ. Fóònù ké. Ohùn ọkùnrin ni, ariwo ẹ̀rọ ńlá kan sì ń rọ́ gìrìgìrì lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pariwo díẹ̀. Ibi iṣẹ́ ni mo wà, ilé iṣẹ́ páálí. Ìsinmi oúnjẹ mi nìyí. Èmi ni mo ṣe àfikún yẹn. Ẹ ní wákàtí ń gun ara wọn?"

"Láti àná! Mo ti ń ké sí yín ní gbàgede láti àná, ẹ di etí sí mi!"

Ọkùnrin náà yẹ gbàgede wò. "Háà. Ẹ̀yin lẹ ni ìbéèrè tó gùn yìí. A ò kà á ni, ẹ̀gbọ́n."

"Báwo lẹ ò ṣe ní kà á? Mo pariwo!"

"Ariwo yẹn náà ni. Èmi àtàwọn méjì míì là ń dáhùn lọ́fẹ̀ẹ́, kálukú ló sì níṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ tirẹ̀. Ká tó wọṣẹ́, ìbéèrè tẹ́nikẹ́ni ò tíì fèsì sí là máa ń wá. Èyí tó bá ti lésì lábẹ́, a máa rò pé ẹnì kan ti ń tọ́jú olúwarẹ̀. Tiyín lésì rẹpẹtẹ. Ẹ̀yin lẹ ń dá ara yín lóhùn."

Ó wá yé Kíákíá. Gbogbo "ẹ jọ̀ọ́ o", gbogbo "kánjúkánjú", òun ló ń fi wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ara òun. Ká ní ó kọ ìbéèrè náà, kó lọ sùn!

"Ẹ̀dà tuntun bi yín ní ìbéèrè kan lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e wọlé," ni ọkùnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Èèyàn mélòó ló lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà? Kí lẹ dáhùn?"

Kíákíá rántí ìfófòó ẹnu rẹ̀. "Mo ní... ó dáa."

"Ó dáa!" Ẹ̀rín rẹ̀ bo ariwo ẹ̀rọ. "Ẹ dáhùn 'ó dáa' sí 'mélòó'. Ó wá lo iye tí mo kọ síbẹ̀ fún àwọn onígbọ̀ngàn, tó ń gba ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ ọ̀kan síbẹ̀." Kíákíá kọ ọ̀kan. "Ó tán fún àwọn tó ń bọ̀. Àwọn tó ti gun ara wọn ló kù. Màá kọ nǹkan kékeré kan tó máa wá wọn rí. Ẹni tó kọ́kọ́ yàn á dúró, àwọn yòókù á gba ìfìránṣẹ́ kí wọ́n yan òmíì. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀ títí màá fi pè yín. Bẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́, a máa bà á jẹ́ pátápátá. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò."

Ó pa fóònù.

Ẹ gbọ́wọ́ kúrò! Wọn ò tíì rán Kíákíá níṣẹ́ tó le tó báyìí rí. Ó fi fóònù sápò, ó yọ ọ́. Ó fi pamọ́, ìka rẹ̀ ń yún un bí ẹni pé èèrà wọ̀ ọ́. Bóun bá kàn wò ó ńkọ́? Wíwò kì í ṣe fífọwọ́kàn. Àbí ó ti gbàgbé? Àbí ìsinmi rẹ̀ ti tán? Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gòkè. Ó tún sọ̀ kalẹ̀. Ó tún ń gòkè bọ̀ ni obìnrin òkè àtẹ̀gùn wò ó tàánú-tàánú.

"Ẹ̀gbọ́n, òòyì ti ń kọ́ mi bí mo ṣe ń wò yín. Ẹ wá jókòó."

"Mi ò mọ̀ ọ́n jókòó, àbúrò."

"Ẹ bá mi gbé èyí dání." Ó gbé àpò ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́, àpò ńlá tó kún fún aṣọ ọmọ tí a kò tíì bí. "Ọwọ́ méjèèjì o. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ já."

Àpò wà lọ́wọ́ méjèèjì, fóònù wà lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Kíákíá ṣe jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé agbẹ̀bí. Eyín rẹ̀ ń jẹ ètè rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó. Wọ́n pe ẹnì kan wọlé, ó jáde. Wọ́n pe ẹlòmíràn. Oòrùn kúrò lára ògiri. Kíákíá ò mọ̀ rí pé àtẹ̀gùn yẹn tutù báyìí nídìí èèyàn, àti pé ó le tó bẹ́ẹ̀.

Fóònù obìnrin náà ló kọ́kọ́ dún. Ó wò ó. "Ó ní kí n yan wákàtí míì. Mọ́ńdè, aago mẹ́wàá, kò sẹ́ni níbẹ̀. Ṣé kí n mú un?"

Ti ẹni tó bọ́ bàtà dún tẹ̀lé e. Ti ẹni tó ń fẹ́ ara rẹ̀ kò dún. Wákàtí tirẹ̀ ló dúró. Màmá Agbẹ̀bí ṣílẹ̀kùn, ó rí Kíákíá nílẹ̀ láàárín àwọn aboyún, tó gbé àpò ọmọ mọ́ àyà. Ó di àtẹ́rígbà mú.

"Ẹ gbà mí! Ìgbà wo lo lóyún tó o fi jókòó?"

Gbogbo àtẹ̀gùn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, Màmá wo fóònù tí wọ́n nà sí i, ó wo wákàtí ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó kàn fi ẹsẹ̀ ti bẹ́ǹṣì tí wọ́n ti gbé dé ẹnu ọ̀nà padà sínú.

Kíákíá kò yí padà di ẹlòmíràn o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Orí ìdúró ló ṣì ti ń jẹun. Ó ṣì ń gba iwájú tábìlì kọjá, ẹ̀yà aago sì ṣì ń sọnù. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ bá bi í pé kí ni owó ìrànlọ́wọ́ àwọn tó ṣe àfikún ń wá nínú owó iṣẹ́ òun, ṣé kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni nǹkan náà, ó mọ èsì, ìyá ọkọ rẹ̀ á sì rẹ́rìn-ín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó ya ẹnu. Ní àràárọ̀, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ó ń lọ sí gbàgede. Kì í wá ìbéèrè tí kò lésì. Àwọn tó ń dáhùn lọ́fẹ̀ẹ́ ti ń wá ìyẹn. Èyí tí ìrù rẹ̀ gùn ló máa ń ṣí. Láìpẹ́ yìí ló rí ọ̀kan: "Ẹ gbà mí," lábẹ́ rẹ̀, "Ṣé ẹ rí i?", lábẹ́ ìyẹn, "Ẹ̀yin èèyàn yìí!"

Kíákíá yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. "Mo rí ọ," ló kọ síbẹ̀. "Gbọ́wọ́ kúrò ńbẹ̀, kó o lọ jókòó. Mò ń bọ̀."